Abọ́ Tó Hu Irun Funfun

Òórùn tàdáwà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ìyàwó mi. Àdúgbò àtijọ́ ni, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ti ń là díẹ̀díẹ̀, tí òrùlé páànù sì ti pọ́n bí epo. Bàbá fúnra wọn ló ń ṣe tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Wọ́n á jó ewé àti èèpo igi, wọ́n á lọ èédú rẹ̀ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti oje igi. Òórùn rẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn bẹ́ẹ̀ níbikíbi, ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ni àyà mi á já. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní Ìwó yìí, o ti bi mí rí ìdí tí mi ò fi lè jókòó pẹ́ ní ilé kéú. Mi ò dá ọ lóhùn nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu. N óò gbìyànjú láti sọ ọ́ báyìí.

Ààfáà ni Bàbá, àwọn ọmọ kéú wọn sì pọ̀. Lórí wàláà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ lára igi, tó ní ibi ìdìmú lókè. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tí wọ́n kọ sí i, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n wàláà kan wà tí ọmọ kéú kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bàbá tó bí Bàbá ló ni ín. Ó dúdú, ó ń dán, etí rẹ̀ sì ti jẹ nítorí ọjọ́ orí. Òun ni Bàbá máa ń kọ ẹsẹ Àlùkùránì sí fún ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí ẹni tó ń wá ọmọ. Wọ́n á fi omi tó mọ́ fọ ohun tí wọ́n kọ sínú abọ́, ẹni náà á sì mu omi dúdú ọ̀hún. Hàǹtú nìyẹn. Ìwọ náà ti mu ún rí. Mi ò mọ ọmọ Mùsùlùmí kan ní àdúgbò wa tí kò mu ún rí. Ó máa ń korò díẹ̀, ó sì máa ń tọ́ bí èéfín.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Oko ni mo kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ náà kò sì bá mi lára mu. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ní kíláàsì láàárín àwọn tí wọ́n ń pè mí ní bọ̀dá. Nígbà tí mo fi máa ka ìwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, irùngbọ̀n mi ti kún. Kẹ́mísírì ni mo kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú wa gbà mí pé kí n máa tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì wọn. Ọmọbìnrin tí Bàbá bí gbẹ̀yìn ni mo fẹ́. Kò sí ohun tí mo ṣe tí mo fi yẹ fún un. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Tí àlejò bá wá, òun á rẹ́rìn-ín, òun á pa àlọ́, òun á tún dáhùn ohun tí wọ́n bi mí, á sì ní, "Ẹ má wo ẹnu wọn, ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń fi pamọ́ ni."

Ohun kan ṣoṣo tí a kì í sọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ó tún bàjẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí òmíràn wá dúró, tó kọjá ibi tí àwọn yòókù máa ń dé, a ò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Mo kàn rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan ti nǹkan kó tó jókòó. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú rẹ̀, kí n lè pọn omi. Ẹ̀rù ń bà wá méjèèjì, oníkálukú sì ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnì kejì.

Ní àkókò yẹn ni Bàbá rí i pé ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí wọ́n fi wàláà àtijọ́ náà kọ́. Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Káfíńtà kan wà tó ti ṣe ọmọ kéú lọ́dọ̀ Bàbá rí, ẹgbẹ́ mi ni, aláwàdà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ púpọ̀ nídìí iṣẹ́. Ó ní kí Bàbá fi í sílẹ̀ fún òun. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tó lọ tú àwọn ṣẹ́ẹ̀fù àtijọ́ nílé ìkẹ́rùsí ilé-ìwé kan tó jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ àti awọ ẹran pamọ́ fún ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́un. Ó rí i pé ikán ti jẹ gbogbo igi ilé náà tán, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwọn ṣẹ́ẹ̀fù wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ nawọ́ ìgò kan sí i tí bébà ara rẹ̀ ti bó, ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kun igi àti ewé. Káfíńtà gbà á bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó fi omi gbígbóná yọ́ ọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun wàláà Bàbá níwájú àti lẹ́yìn, ó dà á sínú ihò kòkòrò, ó sá a, ó tún un kùn. Nígbà tó gbẹ, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Bàbá, tí wọ́n jẹ́ ẹni tó máa ń fara balẹ̀, tún fi omi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e kọ́.

Gbogbo èyí, lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ tán ni mo tó gbọ́. Ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi nígbà náà kò ju pé káfíńtà ti gba wàláà lọ́wọ́ kòkòrò, inú Bàbá sì dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìyàwó mi ti lọ bá Bàbá láti àárọ̀. Wọ́n fẹ́ kọ hàǹtú fún un, èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ láti ìgbà tí wàláà ti gba ìtọ́jú. Àwọn èèyàn ti ń dúró dè é, ṣùgbọ́n Bàbá ní ọmọ òun àti ẹrù tó gbé ni yóò kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Nígbà tí a kírun tán, mo gba ọ̀dọ̀ wọn lọ láti mú un wálé. Oòrùn mú, erùpẹ̀ ojú ọ̀nà sì ń gbóná gba inú bàtà. Bàbá jókòó sórí awọ àgùntàn wọn ní fàráńdà, wọ́n gbé wàláà lé orúnkún, wọ́n ń kọ̀wé. Káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wá láti Olúpọ̀nnà jókòó sórí ẹní, ó di ìgò òfìfo kan mú, ó ń wo ọwọ́ Bàbá bó ṣe ń lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní, "Àna mi, káàbọ̀. Ó wà nínú ilé. Ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

Yàrá ìyá rẹ̀ tó ti kú ló wà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká orúnkún sókè, òógùn wà ní iwájú orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yàrá náà tutù. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí mi.

"Inú ló ń run mí. Ẹ má sọ fún Bàbá o."

"Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Hàǹtú nìkan ni mo mu." Ó nawọ́ sí abẹ́ ibùsùn. "Mi ò sì lè mu ún tán. Ó ń tọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá lá owó irin. Mo gbé e pamọ́ kí Bàbá má baà rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dà á síbi tí ẹsẹ̀ ò ní tẹ̀ ẹ́."

O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe. A kì í da omi hàǹtú sí ojú ọ̀nà, ìdí igi tàbí ẹ̀yìn ògiri ni à ń dà á sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa abọ́ náà jáde. Abọ́ alumíníọ́mù ni, irú èyí tí gbogbo ilé ní, tí kànìnkànìn ti ha inú rẹ̀ títí tó fi ń dán. Omi dúdú náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè omi, yíká ibi tí omi ti fara kan abọ́ tó sì ti gbẹ, irun funfun ti hù. Mo kọ́kọ́ rò pé ó bu ni, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu. Ṣùgbọ́n ohun tó bu kì í ga láti àárọ̀ sí ọ̀sán. Irun wọ̀nyí nàró, wọ́n fẹ́lẹ́ bí òwú, nígbà tí mo sì mi abọ́ náà, díẹ̀ nínú wọn ṣubú, wọ́n di eérú. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abọ́ náà níta. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò dé abẹ́ ibùsùn.

Mo ti rí irun náà rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ kẹ́mísírì wa gé ìdérí ìkòkò alumíníọ́mù kan, ó kán omi kan sí i, ó ní kí a máa wò ó. Nígbà tí irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú wa, ó ní, "Ẹ rí i, ó ń hu irùngbọ̀n." Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, nítorí èmi nìkan ni mo ní irùngbọ̀n níbẹ̀. Ohun tó fà á tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fi dúró sí mi lórí nìyẹn. Iyọ̀ kan ni olùkọ́ yọ́ sínú omi ọ̀hún. Mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi nínú tẹmómítà, ni wọ́n fi pàdé gáàsì kílórínì, wọ́n di iyọ̀ funfun tó ń dán bí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọbàkan iyọ̀ ọbẹ̀ ni, kílórínì ni bàbá àwọn méjèèjì, ìyá ló yàtọ̀. Ó wúwo lọ́wọ́. Omi tútù kì í yára yọ́ ọ, omi gbígbóná ni. Tí iná bá kàn án, ó ń di èéfín, á sì tún lọ lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù ní funfun. Olùkọ́ ní láyé àtijọ́ wọ́n ń fi fọ irinṣẹ́ dókítà, wọ́n ń fi kun igi àti ewé gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, torí ohun tó bá jẹ ẹ́ kì í yè. Ó ní inú àti kíndìnrín ló ń bá jà nínú èèyàn. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń lọ, pé funfun ẹyin máa ń gbá a mú.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mi ò dá ara mi lójú. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ó sì ti pẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé mo ṣì í.

"Kí ni káfíńtà fi sí wàláà?"

"Oògùn kòkòrò kan ni. Kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

"Báwo lohun tí o mu ṣe pọ̀ tó?"

"Kò tó nǹkan. Ó ń ta mí lọ́nà ọ̀fun ni mo ṣe gbé e kalẹ̀." Ó dìde jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ikùn rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ o. Ẹ má dákẹ́ lónìí."

Láti inú yàrá náà ni mo ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà ní fàráńdà. Bàbá ti kọ ọ́ tán, wọ́n ti ń fọ wàláà. Nígbà tí mo jáde, obìnrin Olúpọ̀nnà ti rọ tirẹ̀ sínú ìgò, ó ń dé e. Ó ní kí Ọlọ́run fún Bàbá ní ẹ̀mí gígùn.

Mo fẹ́ kí o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́rùn mi. Àna tó mọ ìwà hù kì í bá bàbá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, ká má tilẹ̀ sọ pé kó dúró níwájú àlejò kó ní omi Àlùkùránì wọn lè pa èèyàn. Ọkùnrin wo ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ ìyẹn mọ́ òun? Tí mo bá sì ṣì í, ojú wo ni n óò tún fi wọ ilé yẹn? Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń tún ìró rẹ̀ ró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

Bàbá ní, "Ṣebí o ti kí mi. Dìde. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ìgò yẹn lọ."

Obìnrin náà gbá ìgò mọ́ àyà. "Kí lẹ wí? Ọmọ mi ń gbóná nílé, àná ni mo ti fẹ́ wá!"

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ àgbà! Ẹni tó fi irùngbọ̀n wọ kíláàsì, iṣẹ́ Ààfáà ló wá fẹ́ yẹ̀ wò lónìí."

"Iṣẹ́ tìrẹ ni mò ń yẹ̀ wò," mo ní. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Kí lo fi kun wàláà yìí?"

"Oògùn kòkòrò ni. Ṣé ìwọ náà ti di kòkòrò ni?"

"Ṣé ó funfun? Ṣé ó wúwo?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Ó wúwo. Ìgò kékeré ni, ó sì dà bí ẹni pé òkúta ló wà nínú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán.

Mo lọ gbé abọ́ wá, mo gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá. Níta, nínú ìmọ́lẹ̀, irun náà tún ga sí i lójú mi. Bàbá na ìka láti fi kàn án, mo sì di ọwọ́ wọn mú. Mi ò di ọwọ́ wọn mú rí. Awọ ọwọ́ wọn rọ̀, tàdáwà sì wà lábẹ́ èékánná wọn. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn, mo sì sọ pé kò dá mi lójú. Mo ní ọmọ wọn ti mu nínú rẹ̀, inú ti ń run ún.

Bàbá ń wo abọ́ náà. Káfíńtà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ààfáà, ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ẹ kọ sí i kò ní pa oró rẹ̀ ni?"

Bàbá ní, "Ta lo rò pé ó fi irun yìí han àna mi?" Wọ́n yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ fún mi ní ìgò yẹn, ìyá. Èmi ni mo fún yín, èmi náà ni mo gbà á. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, n óò ṣàdúà fún un láti ibi."

Obìnrin náà gbé ìgò sílẹ̀. Bàbá dìde, wọn ò wọ bàtà, wọ́n wọ inú ilé tọ ọmọ wọn lọ.

A rí ẹyin. Bàbá fúnra wọn ló ń fọ́ ọ, wọ́n ń ya funfun rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ife táńganran, èèpo ẹyin sì ń bọ́ sínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Òun nìkan ni mo ní lọ́wọ́. Ìyàwó mi gbé e mì, ó bì, ó tún gbé e mì. Káfíńtà ti sáré lọ mú ọ̀kadà wá. Mo jókòó sẹ́yìn ìyàwó mi lórí rẹ̀, mo dì í mú láti ẹ̀yìn, ọwọ́ mi méjèèjì lórí ikùn rẹ̀, bí ẹni pé mo lè fi wọ́n gba ohunkóhun tó bá fẹ́ jáde. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ọjọ́ náà ni mo ṣì mọ̀.

Dókítà tí a bá nílé ìwòsàn gbọ́ mi dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì tún dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tí káfíńtà gbé ìgò oògùn kòkòrò rẹ̀ dé, ó wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Òṣogbo nípa oògùn tí wọ́n máa fún un. Ó ní ẹnu àti inú tó bó yóò san. Kíndìnrín ni òun ń bẹ̀rù. Tí ó bá ń tọ̀ dáadáa títí di ọjọ́ mélòó kan sí i, ìrètí wà fún un. Ní ti ọmọ inú, ó ní kí a máa retí ni.

Báyìí ni ìtọ̀ ṣe di ohun tí à ń dúró dè. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sórí àga onígi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, tí mò ń wo nọ́ọ̀sì bó ṣe ń gbé abọ́ wọlé, tó ń gbé e jáde. Bàbá ń bọ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sí ìkángun kejì, tẹ̀súbà á máa lọ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní wo ojú mi. Ó tọ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó dúdú bí omi tíì. Lẹ́yìn náà kò tọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì wú. Mo ń bi í léèrè bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ṣé o ti tọ̀? Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o tọ̀? Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì? Ẹnu rẹ̀ ti bó nínú, ọ̀rọ̀ ń dùn ún sọ, síbẹ̀ ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ wọn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Ìtọ̀ mi ló wá la wọ́n lẹ́nu."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà sí ẹkún lójú mi. Mo jáde kí n má baà rí i.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gbé abọ́ jáde ní òwúrọ̀ kan, tó gbé e fi hàn mí láti ẹnu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀, tó kún, tó sì mọ́, mo wolẹ̀ síbẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn. Mi ò mọ ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú gbogbo wọn. Bàbá ní, "Àlùhámúdúlíláì," wọ́n sì béèrè bóyá òun lè rí i. Nọ́ọ̀sì gbé e sún mọ́ wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni wo oṣù tuntun.

Káfíńtà kò jẹun dáadáa ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí a padà sílé, mo bá a lẹ́yìnkùlé Bàbá, ó ti kó igi jọ, ó gbé wàláà lé e, ó ń wá ìṣáná. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní èéfín rẹ̀ ló burú jù, gbogbo àdúgbò ni yóò fà á símú. Ó jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. "Ta ló wá sọ fún mi pé kí n ṣe rere?" Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ wá sìmẹ́ńtì. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó. Ó fi ọ̀rá we wàláà náà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti abọ́ tó hu irun, ó kó wọn sínú agolo ńlá, ó da sìmẹ́ńtì bò wọ́n títí ó fi kún dé ẹnu. Nígbà tó gan, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ olókùúta kan tó jìnnà sí kànga àti odò, wọ́n rì í sílẹ̀. Wàláà tí bàbá Bàbá fi kọ́ Bàbá ni.  Àwọn ọmọ kéú kàn rí i pé ìṣó tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ṣì wà lára ògiri, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀.

Àwọn oṣù tó kù kí ìyàwó mi bí gùn ju gbogbo ọdún tí mo fi wá ìwé lọ. Bí ọmọ bá ta nínú rẹ̀, á mú ọwọ́ mi, á gbé e síbẹ̀. Bí kò bá ta, kò ní sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀, nítorí òun tó máa ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́. Obìnrin ló bí. Ó ké kí wọ́n tó nù ún. Mo ka ìka rẹ̀, mo wo inú ẹnu rẹ̀, mo tún un wò, títí ìyàwó mi fi ní, "Ẹ jẹ́ ó sinmi, kì í ṣe ọjà."

Àrùn mìíràn ló pa ìyàwó mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àìsàn ráńpẹ́ tí kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Bàbá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tí wọn ò fi sílẹ̀ títí wọ́n fi kú. Lórí wàláà tuntun tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kùn ni wọ́n ń kọ hàǹtú sí, inú táńganran ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ sí. Kí wọ́n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní Bísímíláì, wọ́n á mu níbẹ̀, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wo ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó nawọ́ rẹ̀ sí onítọ̀hún. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé sunna kan ni, àwọn ààfáà kékeré kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Bàbá kò bẹ̀ mí rí, wọn ò sì bẹ ọmọ wọn rí létí mi. Mímu tí wọ́n ń kọ́kọ́ mu yẹn ni mo gbà pé wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu kan tó tó o. Ìgbàgbọ́ wọn kò dín. Wọ́n kàn gbé ara wọn sáàárín ìgbàgbọ́ náà àti ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọ wa ń gbé Òṣogbo báyìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, òun náà sì ti lóyún. Ó wá kí mi ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, oòrùn ti pa á, ó ní òun fẹ́ omi. Mo bù ú láti inú àmù. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé e sẹ́nu.

Ó wò mí, ó fọwọ́ ti ìdí, ojú ìyá rẹ̀ gan-an ló fi wò mí. "Bàbá, ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín jù mí lọ ni? Gbogbo ìgbà ni ẹ máa ń mu tèmi."

 Mo gbé e mì. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, mo wo inú ife náà yíká, lẹ́yìn náà ni mo nawọ́ rẹ̀ sí i.